Ẹ̀bẹ̀ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Nasrullah lọ́jọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Orí àga bàbá rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń tẹ fóònù, kò sì sọ pé kí n dìde títí tó fi tẹ ohun tó ń tẹ̀ tán. Ọ̀rẹ́ mi méjì ló mú mi lọ síbẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé títí di òní ní Ìlorà, wọ́n ṣì ń sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Irọ́ ni. Òun ló bà á jẹ́.

Adéjọkẹ́ ìyàwó mi kú ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní ọdún. Ọdún mẹ́tàdínlógún la fi gbé yàrá méjì nínú ilé Alhaji Mùsílíù, èmi ní yàrá iwájú, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí akọ̀wé sítọ́ọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama fi fẹ̀yìn tì láìní ilé tirẹ̀, kó lọ wo ìpìlẹ̀ kan ní Ìmíní tí ẹlòmíì ti kọ́ ilé lé lórí. Èmi ni mo fi ìpìlẹ̀ yẹn lélẹ̀. Mo tà á láti fi tọ́jú Adéjọkẹ́. Ọdún mẹ́rin ló fi lo owó náà fún àìsàn rẹ̀. N kò kábàámọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kẹ́dùn lé e lórí.

Ìyìn nìkan ni ọmọ wa. Yólà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ikú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí wọ́n tó rí ọmọ gbé jáde, nítorí náà kò lè wá síbi ìsìnkú. Orí fóònù ló ti gbọ́ orin tí wọ́n kọ létí sàréè. Nígbà tí mo délé, ó tún pè. Kò sunkún mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí màámi títí màá fi dé. Ìparí ọdún ni wọ́n máa tó fún ọkọ mi láàyè níbi iṣẹ́. Ẹ bá mi tọ́jú yàrá yẹn bó ṣe wà."

Mo ní kò sí ohun tó máa ṣe é.

Kò béèrè ohun tó pọ̀. Ní ìlú wa, ọkọ kì í ṣí àpótí ìyàwó rẹ̀ tó kú. Ọmọ ló ń ṣí i. Bí kò bá sí ọmọ, àwọn ẹbí obìnrin náà ni. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tọkọ, kì í sì í ṣe ohun tí ojú ọkọ gbọ́dọ̀ rí. Àpótí pákó méjì ni Adéjọkẹ́ ní, ó gbé wọn ka orí ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó da aṣọ funfun bò wọ́n. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà, mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Owó ilé ọdún náà ti wọlé láti oṣù kejìlá, Adéjọkẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ san án. Mo rò pé ohun tó kù fún mi kò ju kí n jókòó kí n sì dúró de ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú ni Nasrullah, ọmọ onílé wa, dé láti Ìbàdàn, níbi tó ti ń ta fóònù. Ọdún méjì ti kọjá tí Alhaji Mùsílíù ti kú. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ni Alhaji, ṣùgbọ́n bí òjò bá jò sórí ayálégbé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń pe káfíńtà, á sì dúró tì í títí tó fi ṣe é tán. Ohun tí ọmọ rẹ̀ jogún nínú ìwà yẹn kò tó kún ike omi. Nasrullah kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó gbàdúrà fún òkú, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló wo òkè, tó wo ilẹ̀.

"Bàbá Ìyìn, ẹ̀yin nìkan lẹ kù báyìí. Yàrá méjì ti pọ̀ jù fún yín."

Mo béèrè ohun tó ń sọ. Ó ní òun fẹ́ tún ilé náà ṣe, òun fẹ́ kó jẹ́ yàrá kan pẹ̀lú ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ ń wá. Ó ní òun á dá owó oṣù tó kù padà fún mi. Ó fẹ́ kí n kúrò ní ìparí oṣù. Ọjọ́ kẹjọ oṣù la wà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyìn fún un. Mo sọ pé oṣù kejìlá ni ọmọ máa dé, pé lẹ́yìn ìyẹn a lè jókòó sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí n kó àwọn àpótí náà lọ síbi tí mo bá ń lọ, pé àpótí kì í mọ ilé tó wà. Ó dìde, ó wọ inú mọ́tò rẹ̀, ó tún gbàdúrà fún òkú láti ojú fèrèsé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tí àwọn lọ́yà ti ń gba ẹni tí kò lówó nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n wá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà kan, ìdajì ìjọ sì sùn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tahirah ló dá mi lóhùn. Ó wé ìbòrí, òkìtì ìwé wà lórí tábìlì rẹ̀, n kò sì rò pé ó ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Inú mi kò dùn sí i. Mo ti rò pé àgbà ni màá bá.

Ó béèrè bí mo ṣe ń san owó ilé, mo ní lọ́dọọdún ni. Ó béèrè bóyá Nasrullah fún mi ní ìwé kankan, mo ní ẹnu ló fi sọ ọ́. Ó wá là á yé mi. Ó ní ẹni tó bá ń sanwó ilé lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fún un kó tó kúrò, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní nótíìsì. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí kò lọ, wọ́n á tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje. Bí ìyẹn náà bá kọjá, kọ́ọ̀tù ni onílé máa lọ. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti lé ayálégbé síta àfi adájọ́. Onílé kò gbọ́dọ̀ yọ ilẹ̀kùn, kò gbọ́dọ̀ gé iná, kò gbọ́dọ̀ ká òrùlé.

Mo fi ìka ọwọ́ mi ṣírò rẹ̀. Bí Nasrullah bá tilẹ̀ kọ ìwé náà lọ́la, tó sì kọ ọ́ dáadáa, inú oṣù kẹsàn-án ló máa pé. Kó tó parí ohun tó kù ní kọ́ọ̀tù, Ìyìn ti dé.

Tahirah ní òun fẹ́ kọ lẹ́tà sí i lọ́jọ́ náà. Mo ní kó ṣì dúró ná. Mo wò ó pé lẹ́tà lọ́yà sí ọmọ Alhaji Mùsílíù, ọmọ ẹni tó wá síbi ìgbéyàwó ọmọ mi, yóò dà bí ẹni tó fẹ́ ìjà. Ojú tì mí ni, kò sí ohun mìíràn. Ó wá sọ ohun kan tó yẹ kí n fi sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù lọ.

"Bàbá, bí ẹ ò bá fẹ́ ká kọ lẹ́tà, ó dáa. Àmọ́ ẹ má lọ bẹ̀ ẹ́ o. Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ rárá."

Mo gbà pé ọmọdé ni, kò mọ ìlú.

Àwọn tó mọ ìlú wá bá mi ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Díákónì Nehemiah ni èkíní. A jọ ka ìwé ni, a jọ fẹ̀yìn tì ni, kò sì tíì sí ọ̀rọ̀ kan ní ayé yìí tí Nehemiah lè gbọ́ kó má fẹ́ bá wọn parí rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù. Èkejì ni Àbọ̀dé, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ilé mẹ́rin ni Àbọ̀dé ní. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ayálégbé kan gbé ọ̀sẹ̀ méjì láìní ilẹ̀kùn ní ọdún tó kọjá. Ẹni tó wá làjà láàárín èmi àti onílé mi nìyẹn.

Mo sọ fún wọn ohun tí Tahirah sọ. Nehemiah mi orí, ó ní òfin wà lóòótọ́, òfin dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì tó mọ ara wọn kọ́ nìyẹn. Àbọ̀dé béèrè bóyá lọ́yà ló máa wá sin mí nígbà tí mo bá kú. Ó ní ọmọ náà kò burú, ó kan fẹ́ kí wọ́n bu ọlá fún òun ni, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di onílé. Ẹ̀bẹ̀ ni. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn tó ìgbà mẹ́wàá. Ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ ni, bí ẹni ń fi oògùn lọ aláìsàn.

Ó yẹ kí n ti lé wọn síta. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wọ agbádá.

Báyìí ni mo ṣe dé iwájú Nasrullah, tí mo na gbogbo ara mi sílẹ̀ lórí táìsì pálọ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tó tẹ fóònù rẹ̀ tán, ó ní kí n dìde, ó ní òun kì í ṣe ọlọ́kàn líle. Ó ní nítorí àwọn àgbà tó wá, òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dípò ìparí oṣù.

Mo ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ló fi kún un. Mo wo Nehemiah, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ń dúpẹ́.

Àbọ̀dé bọ́ fìlà rẹ̀. Inú fìlà ló máa ń fi ìwé sí. Ó mú abala ìwé kan jáde, ó yá bírò lọ́wọ́ Nasrullah, ó sì kọ ọ́ lórí itan rẹ̀ pé: "Lónìí a mú Bàbá Ìyìn wá bẹ Nasrullah nítorí ọ̀rọ̀ ilé. Ó bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Nasrullah gba ẹ̀bẹ̀, ó fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti kúrò. Àwa tí ọ̀rọ̀ ṣojú wa nìyí." Òun àti Nehemiah fọwọ́ sí i. Wọ́n na bírò sí mi, mo ní n kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Àbọ̀dé ní kò burú, pé ìdọ̀bálẹ̀ mi ti tó. Ọgbọ́n tó wà nínú gbólóhùn yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Mo rò pé àwàdà ni.

Mo pe Tahirah ní ọjọ́ kejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Bàbá, nígbà tẹ́ ò tíì bẹ̀ ẹ́, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ ti fún un ní nǹkan báyìí." Ó ní adájọ́ kò ní ka ìwé Àbọ̀dé sí nótíìsì, ṣùgbọ́n lójú Nasrullah àti lójú àdúgbò, mo ti gbà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi. Ó ní ṣé òun lè wá kọ lẹ́tà náà báyìí. Mo ní kó kọ ọ́.

Lẹ́tà náà dé ọwọ́ Nasrullah. Mo gbọ́ pé ó kà á sókè fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, pé wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Bàbá tó dọ̀bálẹ̀ ló tún ń rán lọ́yà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ọjọ́ kejì rẹ̀, mo lọ sí Fìdítì láti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò. Nígbà tí ọ̀kadà gbé mi padà dé ní ọ̀sán, mo rí páánù mẹ́jọ tí wọ́n tò jọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n tò ó dáadáa, ìṣó rẹ̀ wà nínú agolo. Lórí yàrá ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ti ká a. Wọn kò fọwọ́ kan yàrá tèmi. Nasrullah mọ èyí tó máa dùn mí. Èmi náà ni mo sọ fún un.

Mo lọ bá Nehemiah. Ẹ̀bá ló ń jẹ, kò sì fi ọbẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ohun tí Nasrullah ṣe kò dára rárá, òun á bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé, Bàbá Ìyìn. Ẹ̀yin náà lẹ bẹ̀bẹ̀."

Àádọ́ta ọdún ó lé ni mo ti ń pe ọkùnrin yìí ní ọ̀rẹ́.

Ojú ọ̀run ti ṣú kí n tó padà délé. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń fi ìkánjú rọ̀. Mo ṣí yàrá ẹ̀yìn, ojú sánmà ló kọ́kọ́ kí mi. Mo gbìyànjú láti fa àpótí òkè sílẹ̀, kò gbọ̀n. Mo lọ dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo pe àwọn tí a jọ ń gbé ilé náà. Mẹ́ta wà nílé. Wọ́n yọjú, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ara wọn. Ayálégbé Nasrullah ni àwọn náà. Ọ̀kan ní ọ̀rùn ń dun òun. Àwọn méjì tó kù wọlé láìsọ nǹkan kan, èyí sì sàn ju irọ́ lọ.

Òjò náà dé. Ó lu aṣọ funfun tó wà lórí àpótí títí tó fi lẹ̀ mọ́ pákó.

Mo ṣí i. Kò sí kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀, Adéjọkẹ́ kì í ti nǹkan mọ́ mi. Mo fi apá mi méjèèjì kó ohun tó wà nínú rẹ̀, mo gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo padà. Ìgbà mẹ́tàlá ni mo lọ tí mo bọ̀. N kò fẹ́ wò, ṣùgbọ́n èèyàn kì í dijú gbé ẹrù. Mo rí aṣọ òfì ìgbéyàwó wa. Mo rí gèlè tí mo rò pé ó ti sọ nù. Mo rí ohun tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, tí n kò ní kọ síbí. Nísàlẹ̀ àpótí kejì, mo rí ẹ̀wù ọmọdé mẹ́fà tó rán sílẹ̀ nígbà tí Ìyìn sọ pé òun lóyún. Àìsàn ti mú un nígbà náà. N kò mọ ìgbà tó rán wọn.

Ẹ̀wù náà kò tutù. Àwọn ohun tó kù, mo sá wọn fún ọjọ́ mẹ́ta nínú yàrá mi lórí okùn, kí ará àdúgbò má baà máa wo aṣọ òkú. Lẹ́yìn náà mo ká wọn. Ìkáṣọ tí mo mọ̀ ni ti sítọ́ọ̀, bí a ṣe ń ká àpò àgbàdo: ní ìlọ́po méjì, lẹ́yìn náà ní ìlọ́po mẹ́ta, etí pẹ̀lú etí.

Tahirah wá fúnra rẹ̀ sí Ìlorà. Ó ya fọ́tò òrùlé, ó ya fọ́tò páánù àti ìṣó inú agolo, ó béèrè orúkọ káfíńtà. Káfíńtà náà sọ gbogbo rẹ̀ láìjanpata, ó ní wọ́n rán òun níṣẹ́ ni. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìwé ìpè kọ́ọ̀tù ti dé ọwọ́ Nasrullah nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàdàn. Èyí, n kò gbọ́ pé ó kà á sókè fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Alhaja Hàwáù, ìyá Nasrullah, ló ṣáájú. Ìwárè ló ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹnu káfíńtà ló sì ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nasrullah tẹ̀lé e. Lẹ́yìn Nasrullah, mo rí fìlà Àbọ̀dé, mo sì rí Díákónì Nehemiah. Àwọn méjì náà ni, nínú aṣọ kan náà tí wọ́n fi mú mi lọ.

Àbọ̀dé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọdé ṣàṣìṣe, ó ní kọ́ọ̀tù kò dára fún ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ la bá wá."

Alhaja Hàwáù kò bẹ̀bẹ̀. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó dúró níbẹ̀, ó wo òkè, ó padà wá. "Ọkọ mi kò ká páánù lórí ẹnikẹ́ni rí," ló sọ, ó sì jókòó. Òun nìkan ni mo bọ̀wọ̀ fún nínú wọn.

Nasrullah dọ̀bálẹ̀. Simẹ́ńtì ni ilẹ̀ mi, kò sí táìsì. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo lọ wá awò ojú mi. N kò tètè rí i, n kò sì kánjú. Nígbà tí mo padà, ó ṣì wà níbi tí mo fi í sí, Nehemiah sì ti ń fi ojú bẹ̀ mí.

Mo ní kí Àbọ̀dé bọ́ fìlà rẹ̀.

"Nítorí kí ni?"

"Ìwé ọjọ́sí. Ẹ mú un wá."

Ó mú un jáde. Ó ti rọ̀ nínú òógùn orí rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo mú ìwé tuntun, mo sì dà á kọ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo kàn yí orúkọ padà ni. "Lónìí a mú Nasrullah wá bẹ Bàbá Ìyìn nítorí ọ̀rọ̀ ilé. Ó bẹ̀bẹ̀ dáadáa." Mo ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo fi ohun tí Tahirah ti sọ fún mi kún un: pé yóò da òrùlé padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pé yóò san ohun tí òjò bà jẹ́, pé n ó máa gbé ilé náà bí mo ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀, pé bó bá fẹ́ kí n kúrò, yóò kọ nótíìsì oṣù mẹ́fà, bí òfin ṣe wí. Mo na bírò sí Àbọ̀dé àti Nehemiah.

Nehemiah fọwọ́ sí i kíákíá. Àbọ̀dé ka apá ibi tó sọ̀rọ̀ nípa oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ilé rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń rò. Ó fọwọ́ sí i.

Mo na bírò sí Nasrullah nílẹ̀ níbi tó wà. Ó béèrè bóyá ìdọ̀bálẹ̀ òun kò tíì tó.

"Kò tó," ni mo wí. "Fọwọ́ sí i."

Tahirah kò gbà pé ìwé náà tó, ó sì tọ̀nà. Ó ní ohun tí wọ́n kọ nílé lè sọ nù nínú fìlà ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ sí iwájú adájọ́, adájọ́ sọ ọ́ di àṣẹ kọ́ọ̀tù, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n da òrùlé padà, Nasrullah dúró ti káfíńtà bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ló ní kó dúró.

Kò kọ nótíìsì kankan sí mi. Bóyá kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ní ìparí oṣù kẹfà, èmi ni mo kọ ọ́. N kò fẹ́ gbé ilé náà kọjá oṣù kejìlá, nítorí ohun tí mo ń ṣọ́ níbẹ̀ ti bàjẹ́. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti àdírẹ́sì, mo fún un ní oṣù mẹ́fà gbáko, mo sì jẹ́ kó fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì pé òun ti gbà á. Mo sọ fún un pé kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó lè máa rí i wò bó bá fẹ́ kọ tirẹ̀ sí ẹlòmíì. Mo ti gba yàrá kan ní Fìdítì, nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́. Ìwé àdéhùn wà láàárín èmi àti onílé ibẹ̀. Tahirah kà á kí n tó fọwọ́ sí i.

Nehemiah ń sọ káàkiri Ìlorà pé ẹ̀bẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ èmi àti Nasrullah, pé òun wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ìyìn dé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo ti da aṣọ funfun bo àwọn àpótí náà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. N kò tíì sọ fún un. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń sọ fún un lórí fóònù pé kò sí ohun tó ṣe yàrá náà.

Ó ṣí ti òkè. Ó mú ìró kan, ó wò ó, ó fi sílẹ̀, ó mú òmíràn.

"Bàbá mi, ta ló ká àwọn aṣọ yìí?"

Mo ní èmi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ tí mo wọ agbádá. N kò fi ibì kankan pamọ́. Ó gbọ́ ọ, ó ń tú aṣọ, kò wo ojú mi. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ àpótí kejì, ó mú ẹ̀wù ọmọdé mẹ́fà náà jáde, ó mú ọ̀kan, ó gbé e sí àyà ọmọ rẹ̀ lórí itan mi. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan. Kò lè wọ̀ ọ́ mọ́.

Ó jókòó sílẹ̀. Ó tú gbogbo aṣọ tí mo ti ká bí àpò àgbàdo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ká wọn. Mo gbé ọmọ dání. Mo jókòó tì í títí tó fi ṣe é tán.